Páànù Ilé Aláìnílé

Oyèrónkẹ́, ìyàwó Ìnsípẹ́kítọ̀ Bámgbóṣé, ló kọ́kọ́ sọ ọ̀rọ̀ yìí fún mi. Ó ní bí mo bá máa kọ ọ́ sílẹ̀, kí n má sọ ọkọ òun di akọni o. Ó ní ọkùnrin tó ti rẹ̀ ni, tí orúnkún ń dùn, tó kàn ń retí ọjọ́ tí yóò fẹ̀yìn tì. Ó tún ní ojútùú ọ̀ràn náà kò ti inú ọgbọ́n ọlọ́pàá kankan wá, pé ìdí àwo ọbẹ̀ ilá ni wọ́n ti rí i. Bí mo ṣe gbọ́ ọ nìyí.

Ìparí ẹ̀ẹ̀rùn ọdún 1988 ni. Sáàpù, ètò ọrọ̀ ajé tí ìjọba gbé dé, ti sọ gbogbo ọjà di ọ̀wọ́n. Ẹni tó ń kọ́lé ti pa á tì sí ojú fèrèsé, koríko sì ti ń hù nínú yàrá àlejò rẹ̀. Páànù tí àwọn èèyàn máa ń rà láìronú tẹ́lẹ̀ ti di ohun tí wọ́n ń tì mọ́ yàrá bí ẹni ti góòlù mọ́ àpótí. Síbẹ̀, àkókò yẹn gan-an ni àwọn ará Ògbómọ̀ṣọ́ àti ará Ọ̀yọ́ pawọ́ pọ̀ kọ́ ilé kan sẹ́yìn Sábó ní Ògbómọ̀ṣọ́, fún àwọn obìnrin tí kò níbi tí wọn yóò forí pamọ́ sí. Opó tí wọ́n lé jáde wà níbẹ̀. Ìyàwó tí ọkọ da ẹrù rẹ̀ síta wà níbẹ̀. Ìyá arúgbó tí wọ́n fẹ̀sùn àjẹ́ kàn nílé ọkọ, tí ọmọ rẹ̀ kò sì lè gbà á sílé, òun náà wà níbẹ̀. Kí ilé náà tó dé, ìsọ̀ ọjà ni wọ́n ń sùn, wọn a sì dìde kí àwọn onísọ̀ tó dé.

Àlàájì Basit, tó ń ta màlúù ní Sábó, ló fún wọn ní ilẹ̀. Àwọn ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi ló ra bíríkì, Mísísì Títílọlá ló ṣáájú wọn. Àwọn oníṣòwò Mùsùlùmí ní Ọ̀yọ́ ló dá páànù. Kò sí ẹni tó dá nǹkan ńlá nínú wọn. Ẹlòmíràn dá páànù kan ṣoṣo, ẹlòmíràn dá ìdajì, tí òun àti aládùúgbò rẹ̀ jọ dà á pọ̀ di odindi. Àlàájì Mashood, oníṣòwò aṣọ ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, ni alága wọn. Òun ló kó páànù náà wá sí Ògbómọ̀ṣọ́, tí wọ́n sì tò ó sí yàrá kékeré kan nínú ọgbà, yàrá kan ṣoṣo tó ní ìlẹ̀kùn. Àwọn obìnrin náà ń sùn lábẹ́ àtíbàbà imọ̀ ọ̀pẹ, wọ́n ń retí ọjọ́ tí káfíńtà yóò kan òrùlé.

Ọjọ́ Ajé kan ni káfíńtà náà, Gabriel, gbé òòlù dé. Ràmọ́tà, ìyá àgbà tó ń bójú tó àwọn obìnrin yòókù, ṣí agádágodo, ó sì ti ìlẹ̀kùn. Kò sí ohunkóhun nínú yàrá náà mọ́. Alángbá kan ló sá gba ojú fèrèsé jáde.

Ẹsẹ̀ ni Ìnsípẹ́kítọ̀ Bámgbóṣé fi rìn dé ibẹ̀, nítorí ọkọ̀ téṣàn kò ní epo. Ó jókòó sórí bíríkì kan, ó na orúnkún rẹ̀, ó sì wo agádágodo náà. Wọn kò já a, wọn kò fi irin yẹ̀ ẹ́ wò. Àwọn aládùúgbò ní àwọn rí lọ́rì kan ní ọjọ́ Àìkú, tó kó páànù lọ ní ọ̀sán gangan. Wọ́n ní ariwo tí páànù náà ń pa kì í ṣe ariwo olè. Àwọn rò pé àwọn onígbìmọ̀ tó ń kọ́ ilé náà ló rán wọn. Ní ọjọ́ Àìkú yẹn, kò sí ẹyọ obìnrin kan nínú ọgbà. Àwọn ìyá ìjọ Onítẹ̀bọmi ń ṣe ìdúpẹ́, wọ́n sì pe gbogbo wọn, Mùsùlùmí àti Kìrìsìtẹ́nì. Gbogbo wọn ló lọ, nítorí wọ́n gbọ́ pé ẹran wà nínú oúnjẹ.

Bámgbóṣé pe Ràmọ́tà. Obìnrin náà ti lé ní ọgọ́ta ọdún, èjìká rẹ̀ ọ̀tún kò sì gbé sókè mọ́ láti ọjọ́ tí àwọn ẹbí ọkọ ti tì í sílẹ̀ lórí àtẹ̀gùn ilé tó bá ọkọ kọ́.

"Ìyá, ọwọ́ ta ni kọ́kọ́rọ́ yìí máa ń wà?"

"Ọwọ́ mi ni."

"Èkejì rẹ̀ ńkọ́?"

"Ọwọ́ mi náà ni. Àpò ìdí mi ni mo kó méjèèjì sí. Àlàájì Basit ló ra agádágodo náà, wọ́n ní kí n má fún ẹnikẹ́ni, n kò sì fún ẹnikẹ́ni."

"Ṣé ẹ mọ̀ pé ohun tí ẹ sọ yìí nìkan tó láti fi tì yín mọ́lé?"

Ràmọ́tà wò ó láti òkè dé ilẹ̀. "Ojú tó ti rí òkun kò ní rí ọ̀sà kó bẹ̀rù. Ilé tí ẹ fẹ́ tì mí mọ́ yẹn, ṣé ó ní òrùlé?"

"Ó ní òrùlé, Ìyá."

"Ẹ jẹ́ á máa lọ nígbà náà."

Bámgbóṣé kò rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n kò mú un. Ó gba kọ́kọ́rọ́ méjèèjì, ó sì gbé wọn sójú oòrùn. Ọ̀kan mọ́. Nǹkan dúdú kan há sí eyín èkejì. Ó fi igi ìṣáná họ ọ́, ó gbé e sí imú.

"Ìyá, ọṣẹ wo lẹ fi ń wẹ̀?"

"Kí ló kan ọlọ́pàá nínú ìwẹ̀ mi?"

"Ẹ dákun, ẹ dá mi lóhùn."

"Ọṣẹ òyìnbó tí Mísísì Títílọlá ń kó wá fún mi ni. Ọṣẹ dúdú máa ń yún mi lára. Àbí ẹ tún fẹ́ mọ ìgbà tí mo wẹ̀ kẹ́yìn?"

Ọ̀rọ̀ bá yé Bámgbóṣé. Ẹnìkan ti tẹ kọ́kọ́rọ́ náà mọ́ ọṣẹ dúdú kó lè gba àmì rẹ̀, ó sì ti gbé ọṣẹ náà fún ẹni tó gé òmíràn. Ó bi Ràmọ́tà bóyá àpò ìdí náà ń kúrò lára rẹ̀ rárá. Ó ní bí òun bá fẹ́ wẹ̀ nìkan ni, òun a fi kọ́ sára ògiri balùwẹ̀, nítorí apá òun kò dé ẹ̀yìn òun mọ́, àwọn obìnrin ló ń gbà á fún ara wọn láti bá òun fọ ẹ̀yìn. Kò sí ẹni tí kì í ṣe é nínú wọn. Nígbà tó sọ èyí tán, ó rí ibi tí ọ̀rọ̀ ń lọ, ojú rẹ̀ sì yí padà. Ó ní kí wọ́n kúkú mú òun, ju kí wọ́n sọ pé ọ̀kan nínú àwọn ọmọ òun ni.

Gabriel ló kàn. Gbogbo àdúgbò ló gbọ́ nígbà tí òun àti Ràmọ́tà ń jà ní ọjọ́ Sátidé. Ràmọ́tà ní igi àjà tó kàn wọ́, òun náà sì búra pé páànù kan kò ní gun orí ilé yẹn níwọ̀n ìgbà tí ẹnu arúgbó náà bá ṣì ń ṣiṣẹ́.

"O sọ ọ́, àbí o kò sọ ọ́?"

"Mo sọ ọ́, sà. Àjẹ́ ké lánàá, ọmọ kú lónìí, ta ni kò mọ̀ pé àjẹ́ àná ló pọmọ jẹ? Bí mo bá jẹ́ ẹ̀yin, èmi ni n bá kọ́kọ́ mú. Ṣùgbọ́n ṣọ́ọ̀ṣì ni mo wà lánàá láti àárọ̀. Báàsì ni mo ń kọ. Gbogbo ìjọ ló gbóhùn mi, ó tilẹ̀ dun àwọn mìíràn."

Wọ́n wádìí, bẹ́ẹ̀ ló sì rí.

Ní ọjọ́ kejì Àlàájì Mashood dé láti Ọ̀yọ́. Ọkùnrin gíga ni, aṣọ sì yẹ ẹ́ bí ẹni pé ara rẹ̀ ni wọ́n ti wọ̀n ọ́n. Àwọn obìnrin tẹrí ba kí i, ọ̀kan nínú wọn sì fi eékún méjèèjì kanlẹ̀, kò dìde títí ọkùnrin náà fi kọjá. Bámgbóṣé rí i, kò sì kà á sí. Mashood kẹ́dùn, ó mirí. Ó ní àwọn ará Ọ̀yọ́ ti gbọ́, ọ̀rọ̀ náà sì ti sú wọn.

"Ọ̀gá ọlọ́pàá, kòkòrò tó ń jẹ ẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Ẹ má wá olè náà lọ sí ọ̀nà jíjìn. Àwọn tí a ń ṣàánú ni wọ́n tà wá."

"Bí a kò bá rí páànù náà ńkọ́?"

"Ìgbìmọ̀ ti pinnu. Bó bá fi máa di Jímọ̀ tí a kò rí i, kí wọ́n tú ká. A ó dá ilẹ̀ Àlàájì Basit padà fún un."

"Níbo ni wọn yóò lọ? Òjò ti ń ṣú."

"Olúkúlùkù ló ní ilé bàbá tirẹ̀," Mashood dáhùn, ó sì nu bàtà rẹ̀.

Ràmọ́tà wà nítòsí, ó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Kò bẹ̀bẹ̀. Ó kàn lọ jókòó sí ẹnu ọ̀nà yàrá tó ṣófo náà, bí ẹni tó ń ṣọ́ ọ. Láti ìgbà yẹn, gbogbo ìgbà tí Bámgbóṣé bá kọjá, ibẹ̀ ló ń bá a.

Ní Ọjọ́rú, Bámgbóṣé pe àwọn obìnrin náà lọ́kọ̀ọ̀kan lábẹ́ àtíbàbà. Ìbéèrè kan náà ló ń bi wọ́n: ta ló máa ń wọ ọgbà, ta ló máa ń bá ta sọ̀rọ̀. Kò sí èyí tí kò sunkún nínú wọn. Kò sí ọgbọ́n tó rí kó jọ nínú ẹkún náà, orúnkún rẹ̀ sì ń ro ó. Nígbà tó kan Àmọ̀kẹ́, obìnrin kékeré tó ṣẹ̀ṣẹ̀ dé sáàárín wọn, tí ó ní ará Ìkòyí-Ilé ni òun, tí ọkọ sì lé òun jáde, oorun ti ń kun Bámgbóṣé. Obìnrin tó kúnlẹ̀ pẹ́ lánàá ni.

"Àwọn wo ló ń wọlé síbí?"

"Gabriel káfíńtà, sà. Mísísì Títílọlá. Àlàájì Basit. Àti Àlàájì kejì."

"Àlàájì kejì wo?"

"Ará Ọ̀yọ́ nì, sà. Àwọn tó ga."

"Orúkọ rẹ̀ ńkọ́?"

"N kò mọ orúkọ wọn, sà."

Ó ní kó máa lọ. Kò rí nǹkan kan nínú ọ̀rọ̀ náà. Ó rò pé bí òun bá jẹ́ aláìnílé, orúkọ ọlọ́rẹ kọ́ ni òun náà yóò máa kó sórí.

Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, nílé rẹ̀ ní báráàkì, Oyèrónkẹ́ gbé ẹ̀bà àti ọbẹ̀ ilá ka iwájú rẹ̀. Ó ń jẹun láìsọ̀rọ̀, ìyàwó rẹ̀ sì ń ròyìn ilé fún un. Ó ní Akọ́wé wá lọ́sàn-án, Akọ́wé ní kí òun kí i, Akọ́wé tún ní ẹnu òun kò tíì kúrò lórí kẹ̀kẹ́ tí bùrọ̀dá ṣèlérí.

Bámgbóṣé dá ọwọ́ dúró nínú ọbẹ̀. Akọ́wé ni àbúrò rẹ̀, Olúwaṣògo. Ọmọdé ni nígbà tí Oyèrónkẹ́ wọlé ọkọ, kò tíì mọ ìwé kà rárá, Akọ́wé ló sì ń jẹ́ lẹ́nu ìyàwó títí ó fi di bàbá ọlọ́mọ mẹ́rin.

"Oyèrónkẹ́, kí lorúkọ àbúrò mi?"

"Àbúrò yín wo? Akọ́wé?"

"Orúkọ tí bàbá mi sọ ọ́."

Ó wo ọkọ rẹ̀ bí ẹni tí ibà ń mú. "Ẹ̀yin kò mọ̀ ọ́n ni?"

"Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu rẹ ni. Bí ọlọ́pàá bá ní kí o pè é ńkọ́?"

"Kí ọlọ́pàá lọ pè é fúnra rẹ̀. Ọmọ tí mo bá nílé ọkọ, kí n wá fẹnu ara mi pè é lórúkọ, ṣé ẹ fẹ́ kí ìyá yín jáde láti inú sàréè wá bi mí bóyá ilé tiwa kò kọ́ mi ni?" Ó bú sẹ́rìn-ín. Nígbà tó rí i pé ọkọ òun kò rẹ́rìn-ín, ó bi í bóyá ilá náà ti kan ni.

Kò sí ohun tó ṣe ilá. Bámgbóṣé ń ronú nípa obìnrin kan tó pe Gabriel lórúkọ, tó pe Àlàájì Basit lórúkọ, tó sì ní òun kò mọ orúkọ ẹnìkan tó kù.

Ní òwúrọ̀ ó tún rin ìrìn náà. Ó mọ̀ pé Ràmọ́tà a máa kó wọn jọ láràárọ̀ láti gbàdúrà fún àwọn ọlọ́rẹ, kí Mùsùlùmí pe tirẹ̀, kí Kìrìsìtẹ́nì pe tirẹ̀, ṣùgbọ́n kí olúkúlùkù dárúkọ gbogbo wọn. Ó dúró sẹ́yìn ògiri. Ó gbọ́ tí orúkọ Mashood ń jáde lẹ́nu wọn lọ́kọ̀ọ̀kan. Nígbà tó kan Àmọ̀kẹ́, ikọ́ gbé e. Obìnrin tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ ní kó lo oyin, pé ikọ́ àárọ̀ yìí ti ń pẹ́ jù.

Ọkọ̀ èrò ni Bámgbóṣé wọ̀ lọ sí Ọ̀yọ́, wọ́n sì fún un mọ́ àárín agbọ̀n adìyẹ àti obìnrin kan tó ń sùn lé e léjìká. Ní Ìsàlẹ̀ Ọ̀yọ́, kò sọ pé ọlọ́pàá ni òun. Ó kí wọn nínú agbo ilé Mashood, ó ní òun wá kí ẹbí nípa àbúrò Àlàájì tó ṣaláìsí. Kò mọ̀ bóyá àbúrò kankan kú. Ó kàn rò pé obìnrin tó fẹ́ sọ ara rẹ̀ di ẹni tí ọkọ lé, tí kò sì sí ọkọ tó ń wá a kiri, ọkọ rẹ̀ ti ní láti kú.

Ìyàwó kékeré kan tó ń ṣa ẹ̀wà ló dá a lóhùn. Ó ní ẹ kú àánú, ikú náà dun gbogbo ilé. Bámgbóṣé bèèrè ìyàwó olóògbé. Ó ní Àmọ̀kẹ́ kò sí nílé, ó lọ ṣòwò ní Ògbómọ̀ṣọ́, Agùntáṣọọ́lò ló sọ bẹ́ẹ̀.

"Ta ni Agùntáṣọọ́lò?"

Ó rẹ́rìn-ín, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. "Olórí ilé wa ni. Àlàájì. Báyìí ni gbogbo àwa ìyàwó ilé ṣe ń pè wọ́n."

Ọ̀rọ̀ ń gbé ọ̀rọ̀ jáde lẹ́nu rẹ̀. Ó ní nígbà tí Àmọ̀kẹ́ ṣe opó tán, ẹbí ní kí Agùntáṣọọ́lò ṣú u lópó, Àmọ̀kẹ́ sì kọ̀. Ó ní yàrá tí ọkọ òun kú sí ti tó òun. Láti ìgbà náà ni ilé ti gbóná mọ́ ọn. Bámgbóṣé bèèrè yàrá náà, ọmọbìnrin náà sì fi ẹnu júwe rẹ̀. Agádágodo ńlá kan wà lẹ́nu ìlẹ̀kùn rẹ̀. Bámgbóṣé lọ bí ẹni tó fẹ́ tọ̀ lẹ́yìnkùlé, ó fi ojú kan inú fèrèsé tó ya. Páànù kún inú ibẹ̀ títí dé àjà. Ògiri tó wà ní ìhà ọ̀nà, wọ́n ti wó ìdajì rẹ̀, wọ́n sì ti gbé férémù ìlẹ̀kùn ṣọ́ọ̀bù kalẹ̀ síbẹ̀. Ó rí ibùsùn obìnrin kan tí wọ́n dojú rẹ̀ délẹ̀, tí wọ́n fi ṣe àga fún páànù kí ikán má bàa jẹ páálí tó wà láàárín wọn.

Ó dé téṣàn Ọ̀yọ́, ó bá àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ sọ̀rọ̀, ó sì padà sí Ògbómọ̀ṣọ́. Kò sọ fún ẹnikẹ́ni níbẹ̀.

Lẹ́yìn ìrun Jímọ̀, Mashood dé pẹ̀lú àwọn onígbìmọ̀ méjì. Àwọn obìnrin náà ti di ẹrù wọn. Ẹrù náà kò pọ̀, ó sì dàbí pé kíkéré rẹ̀ ló ń dun Ràmọ́tà jù, nítorí ó ń tú tirẹ̀, ó ń tún un dì. Mísísì Títílọlá ń bẹ Mashood pé kí wọ́n fún wọn láyè di ìgbà tí òjò bá dá. Gabriel gbé òòlù lọ́wọ́, kò mọ ibi tí yóò gbé e sí. Bámgbóṣé ní kí wọ́n jókòó.

"Ẹ̀yin ìyá, kí ẹ tó máa lọ, ẹ ṣe àdúrà yín fún àwọn ọlọ́rẹ bí ẹ ṣe ń ṣe é láràárọ̀. Kí olúkúlùkù dárúkọ wọn."

Mashood ní, "Ọ̀gá ọlọ́pàá, àṣé ẹ̀yin náà ti di lèmọ́mù?" Àwọn onígbìmọ̀ rẹ́rìn-ín díẹ̀. Wọ́n jẹ́ kó rí bẹ́ẹ̀. Àdúrà náà lọ yí ká títí ó fi kan Àmọ̀kẹ́. Ó pe Àlàájì Basit. Ó pe Mísísì Títílọlá. Ó pe Gabriel. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í húkọ́.

"A ó dúró dè ọ́," Bámgbóṣé sọ.

Ikọ́ náà tán. Àmọ̀kẹ́ tẹjú mọ́lẹ̀. "Mo ti gbàdúrà fún wọn nínú mi, sà."

"Dárúkọ wọn."

"Ẹ jọ̀wọ́, sà."

Bámgbóṣé yíjú sí àwọn yòókù. Ohùn rẹ̀ lọ sílẹ̀ bí ohùn ẹni tó fẹ́ lọ sùn. Ó ní, "Ẹni tó kó páànù yìí kò já agádágodo. Wọ́n gé kọ́kọ́rọ́ láti ara ọṣẹ dúdú, ọṣẹ náà sì há sí eyín kọ́kọ́rọ́ tó ń gbé ní ìdí Ìyá Ràmọ́tà, ẹni tí kì í fi ọṣẹ dúdú wẹ̀. Ẹni tó ń bá a fọ ẹ̀yìn nìkan ló lè dé ibẹ̀. Gbogbo yín lẹ ń fọ ẹ̀yìn rẹ̀, nítorí náà n kò mọ ẹni tí n ó mú. Lẹ́yìn náà ni mo bá obìnrin kan pàdé tó lè pe orúkọ gbogbo èèyàn àyàfi ẹnìkan. Àlejò ni ọkùnrin náà jẹ́ fún un, bó ti wí. Ṣùgbọ́n ta ni obìnrin kì í pè lórúkọ? Ọmọ ilé ọkọ rẹ̀ ni. Ó kúnlẹ̀ fún un bí ìyàwó ilé. Ó lè purọ́ fún ọlọ́pàá, ó lè purọ́ fún ìyá tó ń bá sùn lórí ẹní kan náà, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kọ̀ láti rú òfin tí wọ́n kọ́ ọ lọ́jọ́ tó wọlé ọkọ. Àlàájì Mashood, ìyàwó àbúrò yín ni Àmọ̀kẹ́. Ẹ̀yin lẹ fi í sáàárín wọn."

Ẹnu ya àwọn èèyàn. Mashood kò dìde, kò pariwo. "Nítorí pé obìnrin kan kò pè mí lórúkọ ni mo ṣe di olè?"

"Nítorí pé páànù wà nínú yàrá àbúrò yín tó kú ni. Àwọn ọlọ́pàá Ọ̀yọ́ wà níbẹ̀ báyìí bí a ti ń sọ̀rọ̀ yìí."

"Páànù tèmi ni."

"Aṣọ lẹ ń tà."

"Oníṣòwò ni mí. Ohun tó bá lówó lórí ni mò ń kó pamọ́. Páànù kò ní ojú, kò ní imú. Ta ló máa dúró ní kóòtù sọ pé èyí ni tiwọn?"

Bámgbóṣé mọ̀ pé òótọ́ ló sọ. Páànù kò lẹ́nu. Ọ̀rọ̀ náà, òrùlé náà, àti ibi tí àwọn obìnrin wọ̀nyí yóò sùn nígbà tí òjò bá dé, gbogbo rẹ̀ wà lẹ́nu ẹni kan ṣoṣo. Ó lọ bẹ̀rẹ̀ níwájú Àmọ̀kẹ́, orúnkún rẹ̀ sì ké.

"Kí ló ṣèlérí fún ọ?"

Àmọ̀kẹ́ ń ká etí ìró rẹ̀.

"Yàrá rẹ ni, àbí? Ó ní bí o bá ṣe é, wọn kò ní lé ọ jáde."

Omi bọ́ lójú obìnrin náà.

"Mo ti dé yàrá náà, Àmọ̀kẹ́. Wọ́n ti wó ògiri rẹ̀. Ṣọ́ọ̀bù ni wọ́n fẹ́ fi ṣe. Ibùsùn rẹ ni wọ́n dojú dé tí wọ́n to páànù lé."

Àmọ̀kẹ́ gbójú sókè. Ó kọ́kọ́ wo ojú Bámgbóṣé bóyá yóò rí irọ́ níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ló wo ọkùnrin gíga náà, ọkùnrin náà sì gbé ojú kúrò.

"Ibùsùn tí ọkọ mi fi ọwọ́ ara rẹ̀ kàn?" ó bèèrè.

Ó dìde dúró. Ó tún gèlè rẹ̀ wé bí ẹni tó fẹ́ jáde.

"Mashood," ó wí.

Gbogbo àwọn obìnrin tó wà níbẹ̀ mí kanlẹ̀. Mísísì Títílọlá sọ fún Oyèrónkẹ́ nígbẹ̀yìn pé òun gbọ́ ọ bí ìgbà tí ènìyàn bá fọ́ ìkòkò.

"Mashood, ìwọ lo gba ọṣẹ náà lọ́wọ́ mi ní gáréèjì. O ní ọjọ́ tí wọ́n bá lọ ṣọ́ọ̀ṣì ni kí n ránṣẹ́ sí ọ. Mo ránṣẹ́. O ní tí òjò bá bẹ̀rẹ̀, páànù á tún gbówó lórí, wàá tà á, wàá sì jẹ́ kí n wà nínú yàrá ọkọ mi títí n ó fi kú. N ó sọ ọ́ ní kóòtù. N ó sọ ọ́ níbi gbogbo tí wọ́n bá ní kí n ti sọ ọ́."

Ìgbà yẹn ni Mashood dìde. Ó fẹ́ sọ̀rọ̀, ó wo àwọn onígbìmọ̀, àwọn onígbìmọ̀ sì ti sún kúrò lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ẹsẹ̀ náà ni òun àti Bámgbóṣé fi rìn lọ sí téṣàn, nítorí ọkọ̀ kò tíì ní epo.

Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, àwọn èèyàn pàtàkì ti wá bá Bámgbóṣé. Wọ́n ní kó jẹ́ kí ẹbí parí rẹ̀. Ó ní òun kì í ṣe ẹbí. Wọ́n gba béèlì Mashood, ẹjọ́ sì bẹ̀rẹ̀, wọ́n ń sún un síwájú, wọ́n ń sún un síwájú, Àmọ̀kẹ́ sì ń lọ síbẹ̀ ní gbogbo ìgbà tí wọ́n bá pè é. Bámgbóṣé sọ fún ìyàwó rẹ̀ pé bóyá òun á ti fẹ̀yìn tì kí wọ́n tó dájọ́. Kò sọ ọ́ pẹ̀lú ìbínú.

Ṣùgbọ́n lọ́rì kó páànù padà. Gabriel gun orí ilé, Ràmọ́tà sì dúró nísàlẹ̀, ó ń sọ fún un pé igi àjà náà ṣì wọ́. Gabriel ní kó gùn ún wá tọ́ ọ. Àwọn obìnrin tú ẹrù wọn, wọ́n sì ń pín yàrá láàárín ara wọn, ariwo wọn pọ̀. Ojú ọ̀run ti dúdú níhà Ìkòyí-Ilé.

Àmọ̀kẹ́ nìkan ni kò tú ẹrù tirẹ̀. Ràmọ́tà lọ bá a.

"Ẹní rẹ wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ tèmi," ó wí. "Ẹni tí kò nílé ni wọ́n kọ́ ilé yìí fún. Ìwọ náà kò nílé mọ́."

"Ìyá, ẹ̀yin lè sùn tì mí. Èmi ni n kò ní lè sùn tì yín."

"Ta ni yóò bá mi fọ ẹ̀yìn?"

Àmọ̀kẹ́ kúnlẹ̀, ó fi orí kan ẹsẹ̀ arúgbó náà, ó pẹ́ níbẹ̀. Ràmọ́tà fi ọwọ́ òsì tó ṣì ń gbé sókè kàn án lórí, kò súre, kò sì ṣépè. Àmọ̀kẹ́ dìde, ó gbé ẹrù rẹ̀ lérí. Àwọn obìnrin tó kù yà fún un lọ́nà bó ṣe ń kọjá láàárín wọn. Òjò bẹ̀rẹ̀ sí í kán, wọ́n sì sáré wọ abẹ́ páànù, òjò náà ń pariwo lórí wọn. Ràmọ́tà ṣì dúró síta, ó ń retí kí Àmọ̀kẹ́ wẹ̀yìn. Obìnrin náà gba ọ̀nà gáréèjì lọ nínú òjò, kò bojú wẹ̀yìn.